Ẹ pààrọ̀ prọ́sẹ́sọ̀ tán, ráàmù wá di wàhálà: bí ẹ ó ṣe wá ìdí rẹ̀ kí ẹ tó náwó

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà orí tábìlì ṣe. Prọ́sẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, kú, wọ́n ra òmíràn, wọ́n fi sí i, ni ráàmù (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí) 16GB bá di 8GB. Tàbí kí iná tàn, kí fáànù máa yí, kí ojú kọ̀ǹpútà sì dúdú kirikiri. Tàbí kó tàn dáadáa, kó wá máa kú lójijì pẹ̀lú ojú aláwọ̀ búlúù. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n á sáré lọ ra ráàmù tuntun, wàhálà ọ̀hún á sì tún wà níbẹ̀.

Ẹ di owó yín mú ná. Ẹ̀ka tó ń darí ráàmù kò sí lórí bọ́ọ̀dù, pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà wọ̀, mọ́. AMD gbé e sínú prọ́sẹ́sọ̀ láti 2003, Intel náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2008. Gbogbo ọ̀nà tó ti ojú ihò ráàmù wá, inú sókẹ́ẹ̀tì, ibi tí prọ́sẹ́sọ̀ jókòó sí, ló parí sí. Ẹni tó bá pààrọ̀ prọ́sẹ́sọ̀ ti pààrọ̀ olùdarí ráàmù nìyẹn. Bí ráàmù yín bá ń ṣiṣẹ́ kí prọ́sẹ́sọ̀ àtijọ́ tó kú, ibi tí ọwọ́ yín kàn gbẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Kí ni ẹ rí gan-an?

- Iná tàn, kò sí àwòrán. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbésẹ̀ 1, ẹ má fo ọ̀kankan.
- Ráàmù ṣẹ́kù ìdajì. Ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì tí prọ́sẹ́sọ̀ fi ń bá ráàmù sọ̀rọ̀ ti sọnù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ́ pínnì, ìdọ̀tí, tàbí síkúrù fáànù tí wọ́n fún jù. Ìgbésẹ̀ 4 sí 6 ni tiyín.
- Ráàmù dín díẹ̀, bíi 512MB tàbí 2GB. Ó lè má jẹ́ àléébù rárá. Bí prọ́sẹ́sọ̀ tuntun bá ní ẹ̀ka àwòrán nínú, bí ẹni tó yọ Ryzen 5 5600 tó fi 5600G rọ́pò rẹ̀, ara ráàmù ni ẹ̀ka náà ti ń bu tirẹ̀. Ẹ ṣí Task Manager, ẹ lọ sí Performance, ẹ tẹ Memory, ẹ wo ohun tó wà níwájú "Hardware reserved". Bí iye tó dín bá bá èyí mu, kò sí ohun tó bàjẹ́. Bí ẹ bá ní káàdì àwòrán lọ́tọ̀, ẹ lè dín iye náà kù nínú BIOS, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó wọlé.
- Ráàmù pé, àmọ́ eré rẹ̀ dín kù. Prọ́sẹ́sọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Core i5-3470 ń gba DDR3 (ìran ráàmù kẹta) dé eré 1600. I5-2400 tó wọ sókẹ́ẹ̀tì kan náà kò gbà ju 1333 lọ. Ẹni tó fi èkejì rọ́pò èkíní á rí 1333, bó ti yẹ kó rí nìyẹn.
- Ó ń kú lójijì. Bí ojú búlúù bá kọ MEMORY_MANAGEMENT, ẹ má dá ráàmù lẹ́bi lórí orúkọ yẹn nìkan. Olùdarí tó wà nínú prọ́sẹ́sọ̀ lè fà á. Bó bá kọ WHEA_UNCORRECTABLE_ERROR, prọ́sẹ́sọ̀ tàbí iná tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ohun tí ẹ ó kó jọ

- Síkúrùdíráífà olórí àgbélébùú, èyí táwọn oníṣẹ́ ń pè ní sítáà
- Péèsì prọ́sẹ́sọ̀ tuntun, èyí tó ń gbé ooru láti prọ́sẹ́sọ̀ lọ sí irin abẹ́ fáànù (ẹ má lo ti àtijọ́ lẹ́ẹ̀kejì)
- Áákóhòlù isopropyl tó tó 90% sókè, àti aṣọ tí kì í já fọ́nrán
- Bátìrì CR2032 kan
- Tọ́ọ̀ṣì, àti fóònù tí kámẹ́rà rẹ̀ ń yàwòrán ohun kékeré dáadáa
- Fúláàṣì tí kò sí nǹkan pàtàkì lórí rẹ̀

Nígbà ọyẹ́, ara àti aṣọ wa máa ń gba iná wẹ́wẹ́ pamọ́ ju ìgbà òjò lọ, iná yẹn sì lè pa ráàmù láìjẹ́ pé ẹ mọ̀ ọ́n lára. Ẹ bọ́ aṣọ onírun sílẹ̀, ẹ má ṣiṣẹ́ lórí kápẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì máa fọwọ́ kan irin àpótí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ gba iná kúrò nínú rẹ̀ pátápátá

Ẹ yọ wáyà kúrò lára ògiri tàbí UPS. Pípa bọ́tìnì nìkan kò tó. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bọ́tìnì tí ẹ fi ń tan kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 15. Iná tó ṣẹ́kù á jáde. Ẹni tó bá yọ ráàmù nígbà tí iná kékeré ṣì ń tàn lórí bọ́ọ̀dù ń fi ráàmù náà wéwu.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ jẹ́ kí BIOS gbàgbé ohun tó mọ̀

BIOS ti kọ́ bí yóò ṣe bá ráàmù yín sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ prọ́sẹ́sọ̀ àtijọ́, ó sì tọ́jú rẹ̀. Bó bá fẹ́ fi ẹ̀kọ́ yẹn bá prọ́sẹ́sọ̀ tuntun lò, wọn lè má gbọ́ ara wọn yé.

Ìkìlọ̀ kí ẹ tó ṣe é: bí BitLocker, ètò Windows tó ń ti dísíìkì pa, bá wà lórí dísíìkì yín, ẹ wá kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Lórí bọ́ọ̀dù AMD, bí ẹ bá pààrọ̀ prọ́sẹ́sọ̀, kọ̀ǹpútà lè béèrè bóyá kó tún fTPM (ibi ìpamọ́ kọ́kọ́rọ́ inú prọ́sẹ́sọ̀) ṣe, kó ní kí ẹ tẹ Y tàbí N. Ẹni tó tẹ Y láìní kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ́wọ́ lè pàdánù gbogbo ohun tó wà nínú dísíìkì. Bí kò bá dá yín lójú, N ni kí ẹ tẹ̀.

1. Pẹ̀lú wáyà iná ní yíyọ, ẹ yọ bátìrì róbótó tó wà lórí bọ́ọ̀dù fún ìṣẹ́jú 5.
2. Bí bọ́ọ̀dù yín bá ní pínnì méjì tí wọ́n kọ CLRTC, JBAT1 tàbí CLR_CMOS sí, ẹ fi orí síkúrùdíráífà so méjèèjì pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10.
3. Bí bátìrì náà bá ti pẹ́, ẹ fi tuntun sí i. Iná 3V ló yẹ kó ní.

XMP, EXPO tàbí DOCP (ètò BIOS tó ń mú eré ráàmù pọ̀ sí i) tí ẹ ti tàn tẹ́lẹ̀ á pa báyìí. Bó ti yẹ nìyẹn. Ẹ má tàn án padà títí ìgbésẹ̀ 9 á fi ní kí ẹ tàn án.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹyọ ráàmù kan péré, nínú ihò tó tọ́

Ẹ yọ gbogbo ráàmù. Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ fi sínú A2. Lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù oníhò mẹ́rin, A2 ni ihò kejì tí ẹ bá kà á láti ẹ̀gbẹ́ prọ́sẹ́sọ̀. Lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì bíi ti Dell àti HP, wọ́n lè kọ DIMM1, DIMM2 bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ dípò rẹ̀. Ẹ wo àwòrán tí wọ́n sábà máa ń lẹ̀ mọ́ inú ìdérí àpótí rẹ̀.

Ẹ fi ìka méjèèjì tẹ orí ráàmù ní ìgbà kan náà títí ẹ ó fi gbọ́ "kọ́". Bọ́ọ̀dù mìíràn ní ìdè ní apá kan ṣoṣo. Apá kejì tí kò ní ìdè yẹn ni ráàmù ti sábà máa ń dúró láìwọlé tán, tójú á sì rò pé ó ti wọlé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó láti ẹ̀gbẹ́: ìlà wúrà ẹsẹ̀ ráàmù kò gbọdọ̀ yọ síta ní apá kan ju ìkejì lọ.

Bí ẹsẹ̀ ráàmù bá ti pọ́n tàbí dọ̀tí, ẹ rọra fi rọ́bà táwọn ọmọ iléèwé fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ nù ún, kí ẹ wá fi áákóhòlù nu ìdọ̀tí rọ́bà náà kúrò. Ẹ má fi pépà oníyanrìn (sandpaper) pa á láé. Wúrà orí rẹ̀ kò nípọn.

Ẹ tan kọ̀ǹpútà. Bó bá jẹ́ DDR5, ẹ ní sùúrù. Lórí sókẹ́ẹ̀tì AM5 ti AMD pàápàá, kọ̀ǹpútà máa ń fi àkókò kọ́ bí yóò ṣe lo ráàmù ní ìgbà àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ á sì dúdú fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 15. Ẹni tó ń pa á, tó ń tàn án ní ìṣẹ́jú méjì-méjì kò jẹ́ kó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, á sì máa rò pé ó ti bàjẹ́.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ dán ẹyọ kọ̀ọ̀kan wò nínú ihò kọ̀ọ̀kan

Bó bá tàn pẹ̀lú ẹyọ kan, ẹ mú ìwé àti bírò. Ẹ fa ìlà: orúkọ ihò lókè, orúkọ ẹyọ ráàmù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fi ẹyọ àkọ́kọ́ dán gbogbo ihò wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó mú èkejì. Iná gbọ́dọ̀ kúrò pátápátá kí ẹ tó ṣí i nípò. Iṣẹ́ yìí ń súni, àmọ́ òun ló ń sọ ibi tí àrùn wà:

- Ẹyọ kan kọ̀ ní gbogbo ihò, àwọn yòókù ṣiṣẹ́: ráàmù yẹn ló bàjẹ́.
- Ihò kan ṣoṣo ló kọ gbogbo ẹyọ: ihò náà ni. Ẹ fẹ́ eruku inú rẹ̀, ẹ tún un wò.
- Ihò méjèèjì ọ̀nà kan náà, B1 àti B2 fún àpẹẹrẹ, ló kọ gbogbo ẹyọ: ẹ fi ráàmù sílẹ̀. Ìdí prọ́sẹ́sọ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Àwọn bọ́ọ̀dù kan wà tí wọn kì í tàn bí ẹyọ kan ṣoṣo bá wà ní A1. Bí A1 nìkan bá kọ̀, tí A2 sì gbà, ẹ fi A1 pẹ̀lú A2 pa pọ̀ kí ẹ tó dá a lẹ́bi.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ tú fáànù sílẹ̀ díẹ̀

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ gbìyànjú kí ẹ tó tú prọ́sẹ́sọ̀, torí kò ná yín ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Bí irin abẹ́ fáànù bá tẹ prọ́sẹ́sọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan ju ìkejì lọ, pínnì apá tó gbé sókè kò ní kan ojú prọ́sẹ́sọ̀ dáadáa. Nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún pínnì, tí ti ráàmù bá wà lára àwọn tí kò kàn, ọ̀nà kan á sọnù.

1. Ẹ tú síkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìlàjì yíyí kọ̀ọ̀kan.
2. Ẹ tan kọ̀ǹpútà, ẹ wo iye ráàmù nínú BIOS, ẹ sì pa á lójú ẹsẹ̀.
3. Bí ráàmù bá pé, ẹ ti rí i. Ẹ fún síkúrù padà ní ìdábùú: òkè òsì, ìsàlẹ̀ ọ̀tún, òkè ọ̀tún, ìsàlẹ̀ òsì, díẹ̀díẹ̀, kó ṣe déédéé. Ẹ má fún ọ̀kan parí kí ẹ tó kan èkejì.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ yọ prọ́sẹ́sọ̀, ẹ wo ìdí rẹ̀

*Ìkìlọ̀ fún AM4 (sókẹ́ẹ̀tì AMD tó ṣáájú AM5):* ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí péèsì lè gbóná, ẹ gba iná kúrò nínú rẹ̀ bíi ti ìgbésẹ̀ 1, lẹ́yìn náà ẹ yí fáànù sọ́tùn-ún sósì kí ẹ tó gbé e. Bí ẹ bá fà á sókè tààrà, prọ́sẹ́sọ̀ lè bá a fà yọ nínú sókẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tì pa, pínnì abẹ́ rẹ̀ á sì tẹ̀.

Lórí AM4, abẹ́ prọ́sẹ́sọ̀ ni pínnì wà. Lórí Intel àti AM5, inú sókẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀dù ni, wọ́n sì tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an: sókẹ́ẹ̀tì LGA1151 ti Intel ní 1151, AM5 ní 1718.

Ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì láti òkè gan-an. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́, kó lọ sílẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, orí pínnì kọ̀ọ̀kan á máa dán, wọ́n á sì tò lọ bí ebè oko, ìlà kan lẹ́yìn ìkejì. Èyí tó tẹ̀ á fi àlàfo sílẹ̀ nínú ìlà, tàbí kó dán ju àwọn yòókù lọ nítorí pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló kọjú sí yín. Ẹ yí bọ́ọ̀dù ní ìdá mẹ́rin, ẹ tún wò, torí pínnì tó tẹ̀ lè sá fún yín láti apá kan. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fà á gbòòrò lórí fóònù.

- Péèsì ti dà sínú sókẹ́ẹ̀tì: ẹ kán áákóhòlù sí i, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a jẹ́jẹ́ síbi tí pínnì kọjú sí, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Ẹ má fi aṣọ nù ún. Fọ́nrán aṣọ á kọ́ pínnì.
- Pínnì AM4 tẹ̀: ẹ ki etí káàdì ATM sáàárín ìlà méjì, ẹ rọra gbé e dúró. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀, á ṣẹ́.
- Pínnì inú sókẹ́ẹ̀tì tẹ̀: abẹ́rẹ́ tín-ín-rín àti ọwọ́ tí kì í gbọ̀n nìkan ló lè ṣe é. Bí ẹ kò bá tíì ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ní awò ìmúnǹkantóbi.

Ẹ fi áákóhòlù nu abẹ́ prọ́sẹ́sọ̀ Intel tàbí AM5, torí òróró ìka lásán lè dí ojú pínnì. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, ẹ fi àmì onígun mẹ́ta igun rẹ̀ bá ti sókẹ́ẹ̀tì mu, ẹ gbé e lé e, kó wọlé fúnra rẹ̀. Péèsì tó tó ẹyọ ẹ̀wà kan lórí prọ́sẹ́sọ̀ ti tó.

Ìgbésẹ̀ 7: Ǹjẹ́ BIOS mọ prọ́sẹ́sọ̀ yìí?

Pé ó wọ sókẹ́ẹ̀tì kò ní kí ó ṣiṣẹ́. Core i5-8400 máa wọ bọ́ọ̀dù H110 tí wọ́n ṣe fún ìran kẹfà àti ìkeje, kò sì ní tàn. Bọ́ọ̀dù B450 tí BIOS rẹ̀ ti pẹ́ kò mọ Ryzen 5000. Ẹ wá nọ́ńbà bọ́ọ̀dù yín lórí ojúlé ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ẹ wo àtòjọ prọ́sẹ́sọ̀ tó gbà àti BIOS tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń béèrè. Bọ́ọ̀dù mìíràn lè gba BIOS tuntun láti orí fúláàṣì láìsí prọ́sẹ́sọ̀ nínú rẹ̀; bí tiyín kò bá lè ṣe é, ẹ nílò prọ́sẹ́sọ̀ àgbà kan tó ń ṣiṣẹ́ láti yá.

Iná kò gbọdọ̀ lọ nígbà tí BIOS bá ń wọlé. Ẹ ṣe é lórí UPS tàbí inverter, ẹ má ṣe é lórí iná ìjọba nìkan.

*Fún Core ìran 13 àti 14:* ẹ fi BIOS tuntun sí i kí ẹ tó fi prọ́sẹ́sọ̀ tuntun ṣe iṣẹ́ líle. Ní 2024, Intel jẹ́wọ́ pé iná tó pọ̀ jù ń ba àwọn prọ́sẹ́sọ̀ kan nínú ìran méjèèjì jẹ́, wọ́n gbé àtúnṣe 0x129 jáde ní oṣù kẹjọ ọdún náà, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ara àmì àrùn yẹn ni pé géèmù á máa sọ pé ráàmù káàdì àwòrán ti tán, nígbà tí káàdì kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ohun tó bà jẹ́ kì í tún sàn. Àtúnṣe náà kàn ń dáàbò bo èyí tí kò tíì bàjẹ́. Intel fi ọdún 2 kún àtìlẹ́yìn wọn, nítorí náà ẹ béèrè ẹ̀tọ́ yín kí ẹ tó ra òmíràn.

Ìgbésẹ̀ 8: Kí ló pa ti àkọ́kọ́?

Prọ́sẹ́sọ̀ kì í déédéé kú. Ẹ wo àwọn àgbá kékeré (capacitor) tó yí sókẹ́ẹ̀tì ká: èyí tó wú lórí tàbí tó ń ṣomi ti bàjẹ́. Ẹ fi mítà wọn páwà sọ́pílàì nígbà tó ń ṣiṣẹ́: 12V gbọ́dọ̀ wà láàárín 11.4 sí 12.6, 5V láàárín 4.75 sí 5.25. Bí kò bá sí láàárín ibẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kó tó pa prọ́sẹ́sọ̀ kejì.

Ìgbésẹ̀ 9: Ìdánwò

1. Ẹ fi MemTest86, ètò tó ń dán ráàmù wò, sórí fúláàṣì, ẹ tan kọ̀ǹpútà láti orí rẹ̀, pẹ̀lú XMP ní pípa. Ẹ jẹ́ kó yí ká ní ìgbà 4. Ó máa ń gba wákàtí mélòó kan. Ẹ fi í sílẹ̀ sùn.
2. Àṣìṣe kan péré ti pọ̀ jù. Bó bá hàn, ẹ dán ẹyọ kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀.
3. Bí kò bá sí àṣìṣe, ẹ tan XMP tàbí EXPO, ẹ tún un ṣe.
4. Bí àṣìṣe bá hàn nígbà tí XMP wà ní títàn nìkan, ó lè má jẹ́ pé ráàmù bàjẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ prọ́sẹ́sọ̀ yìí ni kò lè gbé eré yẹn. Ẹ dín in kù, láti 3600 sí 3200. Ẹni tó ti Ryzen 5 3600 bọ́ sórí Ryzen 5 1600 á pàdé èyí dáadáa. Lórí Ryzen 7000, bí ẹyọ DDR5 bá jẹ́ mẹ́rin, 3600 ni AMD fọwọ́ sí. Méjì nìkan ló ń gba 5200.

Bí BIOS bá rí ráàmù tó pé, tí Windows kò rí i, ẹ ṣí msconfig, ẹ lọ sí Boot, Advanced options, ẹ yọ àmì kúrò níwájú "Maximum memory". Ẹ rí i dájú pẹ̀lú pé Windows yín kì í ṣe 32-bit, torí ìyẹn kò lè lò ju 4GB lọ.

Fún ẹni tó ń lo tòkunbọ̀ alágbára

HP Z640, Z840 àti irú wọn lè gbé prọ́sẹ́sọ̀ méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ni ihò ráàmù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí prọ́sẹ́sọ̀ kejì kò bá jókòó dáadáa, gbogbo ráàmù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á pòórá lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ ka ara ráàmù kí ẹ tó kó o pọ̀ mọ́ òmíràn. Bí ẹ bá rí PC4-2400T-R, ti sáfà (server) ni. Bó bá jẹ́ PC4-2400T-U, ti kọ̀ǹpútà lásán ni. Ihò kan náà làwọn méjèèjì ń wọ̀ nínú DDR4, ìyẹn ló ń tan àwọn èèyàn jẹ, àmọ́ wọn kò lè jọ ṣiṣẹ́, Core i5 tàbí i7 lásán kò sì gba ti R rárá.

Bó bá wá jẹ́ prọ́sẹ́sọ̀ tuntun ló bàjẹ́

Ó máa ń ṣẹlẹ̀, pàápàá sí èyí tí wọ́n ti lò. Ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ni bí:

- ráàmù kan náà bá ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà mìíràn;
- prọ́sẹ́sọ̀ mìíràn bá rí ọ̀nà méjèèjì lórí bọ́ọ̀dù yìí;
- pínnì kò bá tẹ̀, tí BIOS sì bá a mu.

Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á, kí ẹ mú fọ́tò sókẹ́ẹ̀tì tí ẹ yà ní ìgbésẹ̀ 6 dání pẹ̀lú ìwé tí ẹ kọ àbájáde ihò kọ̀ọ̀kan sí, torí ohun àkọ́kọ́ tó máa bi yín ni bóyá ẹ̀yin lẹ tẹ pínnì.